Ológbò ẹhànnà tó ń ṣàìsàn: kí ló dé tí ebi ń pa á, síbẹ̀ tí kò jẹun?

Lásìkò kan tí òjò kò fẹ́ dáwọ́ dúró, ológbò kan wá dùbúlẹ̀ sábẹ́ táǹkì omi ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Ẹ̀pẹ́. Akọ ni, àwọ̀ eérú, kò sẹ́ni tó ni ín. Ojú rẹ̀ kan ti lẹ̀ pa, ikun sì ti gbẹ mọ́ ọn nímú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò nínú yàrá tí mo ń kó ẹrù sí kí ara rẹ̀ tó yá. Látìgbà náà ni àwọn aráàdúgbò ti ń bi mí léèrè, lójú ọ̀nà, ní ìdí ẹ̀rọ omi, kódà ní ibi ìkómọ. Mo kó àwọn ìbéèrè wọn jọ síbí.

Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé àìsàn ló ń ṣe é, tí kì í ṣe oorun lásán?

Ẹ wo àwọn ológbò tó ń gbé abẹ́ tábìlì àwọn ẹlẹ́ja lọ́jà Olúwo. Bí wọ́n bá ju ìfun ẹja sí wọn, wọ́n á hán an, wọ́n á sá lọ. Èyí tí ara rẹ̀ le kò ní jẹ́ kí ẹ sún mọ́ òun débi tí ọwọ́ yín á fi tó o. Eléyìí jókòó, ó ń wò mí, mo sún mọ́ ọn títí mo fi ń gbọ́ bí imú rẹ̀ ṣe ń hó. Irun rẹ̀ ti ṣù pọ̀, nítorí ológbò tí ara rẹ̀ kò yá kì í lá ara rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Àrùn dìgbòlugi náà lè mú kí ẹranko tó ń sá fún èèyàn tẹ́lẹ̀ má sá mọ́. Bó bá ń da itọ́, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó ń kọlu ohun tí kò ṣe é ní nǹkan kan, ẹ má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ kó àwọn ọmọdé wọlé, kí ẹ pe dókítà ẹranko.

Ẹ̀yin fúnra yín lẹ mú un? Kò bù yín jẹ?

N kò fọwọ́ mú un. Agbọ̀n tí wọ́n fi ń gbé adìẹ ni mo dà dé e, mo ti páálí bọ abẹ́ rẹ̀, mo wá fi táwẹ́ẹ̀lì ńlá bo gbogbo rẹ̀. Òkùnkùn máa ń mú ọkàn ológbò balẹ̀. Nínú yàrá, mo gbé páálí mìíràn kalẹ̀ tí mo lu ihò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, àkísà nínú, ike omi gbígbóná tí mo fi aṣọ wé lábẹ́ àkísà. Ibẹ̀ ló wọ̀, mo sì fi í sílẹ̀. Àwọn kan máa ń fẹ́ gbé e sáyà, kí wọ́n máa fọwọ́ pa á lórí. Lójú tirẹ̀, ẹ̀yin lẹkùn.

Bó bá bù yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ẹ má fi epo pupa tàbí ata sí i. Bí dìgbòlugi bá ti hàn lára èèyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó ń là á já. Eyín ológbò tún tín-ín-rín, ó ń wọlé jìnnà, ọyún kì í pẹ́ dé síbẹ̀.

Ẹ ní ebi ń pa á. Kí ló wá dé tí kò jẹ ẹja tí ẹ gbé síwájú rẹ̀?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí, torí èmi náà gbé ẹja fún un lọ́jọ́ méjì, mo sì ń bínú sí i.

Imú ni ológbò fi ń mọ oúnjẹ. Fáírọ́ọ̀sì méjì ló sábà máa ń fa ọ̀fìnkìn ológbò, herpesvirus àti calicivirus tiwọn, tí kì í ran èèyàn. Imú á dí, calicivirus tún lè dá egbò sí i láhọ́n. Bí kò bá ti gbóòórùn ẹja, kì í ṣe ẹja lójú tirẹ̀. Àwa tí ọ̀fìnkìn bá mú, a mọ̀ pé ẹ̀bà ni ẹ̀bà, a ó rọra gbé e mì. Òun kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀ kò kéré. Bí ológbò bá lo ọjọ́ mélòó kan láìjẹun, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rá lọ sínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ kò sì ní lè lò ó tán. Ọ̀rá á kún un, iṣẹ́ rẹ̀ á dojú rú. Èyí tó sanra ló tètè ń mú jù. Ọ̀fìnkìn tí ìbá lọ fúnra rẹ̀ á wá di ikú látàrí àìjẹun.

Torí náà, imú ni mo kọ́kọ́ tọ́jú. Mo po iyọ̀ ṣíbí tíì kan sínú omi ìdajì lítà tí mo ti sè, ó tutù díẹ̀, mo rẹ òwú sínú rẹ̀, mo fi nu imú àti ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, lẹ́yìn tí mo bá ti fi táwẹ́ẹ̀lì wé e ku orí nìkan. Nírọ̀lẹ́, mo gbé abọ́ omi gbígbóná síwájú agbọ̀n tó wà nínú rẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè tó, mo fi aṣọ bo àwọn méjèèjì kí ooru lè fẹ́ sí i fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má fi rọ́bù sínú omi náà o, kánfọ̀ inú rẹ̀ léwu fún ológbò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo se kòtè, láìsí iyọ̀, láìsí ata, láìsí àlùbọ́sà, nítorí àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́. Mo yọ eegun, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ omi rẹ̀, mo gbé e fún un ní lọ́wọ́ọ́wọ́. Oúnjẹ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ń ta sánsán ju èyí tó tutù lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, mo jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Mo rí i tí imú rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀mejì. Ó yọ orí nínú ihò páálí, ó lá omi ẹja náà, ó dúró, ó wo ọ̀nà ibi tí mo wà, ó tún lá a. Bí ṣíbí méjì péré ló jẹ. N kò lè pariwo, mo kàn fọwọ́ bo ẹnu.

Ara rẹ̀ gbóná. Ṣé kí n fún un ní panadó díẹ̀?

Rárá! Ara ológbò máa ń móoru ju tiwa lọ, láti 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló wà nígbà tí ara rẹ̀ le. Ẹ̀dọ̀ tiwa ní ohun kan tó fi ń so parasítámọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ kó tó dà á nù. Ti ológbò kò ní in tó. Oògùn náà á wá di májèlé, ẹ̀jẹ̀ á pọ́n bíi ṣokoléètì, kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́, èrìgì á dúdú, ojú á wú. Hóró 500 mg kan ṣoṣo lè pa á. Ibuprofen náà ńkọ́? Bákan náà ni. Bí ẹ bá sì rí eégbọn lára rẹ̀, ẹ má fi ọ̀tapiapia pa á, torí ológbò á lá gbogbo rẹ̀ mì.

Mílíìkì ńkọ́?

Omi ni kí ẹ fún un. Mílíìkì máa ń mú kí ọ̀pọ̀ ológbò tó ti dàgbà yàgbẹ́ gbuuru, èyí tí ara rẹ̀ ti gbẹ tẹ́lẹ̀ kò sì ní omi tó máa fi ṣòfò.

Ìyàwó mi lóyún. Ṣé ó lè wà nítòsí rẹ̀?

Kó má kó ìgbẹ́ rẹ̀. Kòkòrò toxoplasma lè wà níbẹ̀, ó sì lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Ọjọ́ kan sí márùn-ún ni ìgbẹ́ náà ń lò kó tó lè ran èèyàn, nítorí náà kí ẹ̀yin ọkọ máa kó o lójoojúmọ́.

Ẹ kò bẹ̀rù? Àwọn èèyàn ní àjẹ́ ni.

Ìyá kan ládùúgbò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lójúkojú. Mo ní, ìyá mi, àjẹ́ wo ló ń sín bẹ́ẹ̀? Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò wọ yàrá náà.

Ìgbà wo ni kí n má dá a ṣe mọ́?

Bó bá pé ọjọ́ méjì tí kò jẹun, bó bá ń la ẹnu mí, bí èrìgì bá funfun tàbí pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọmọ ológbò kò tiẹ̀ ní dúró di ọjọ́ méjì. Fáírọ́ọ̀sì kì í gbọ́ oògùn apakòkòrò, ṣùgbọ́n dókítà lè fún un ní irú rẹ̀ nítorí àwọn bakitéríà tó bá ọ̀nà yẹn wọlé. Bó bá jẹ́ doxycycline oníhóró, ẹ fi sírìńjì tí kò lábẹ́rẹ́ rọ omi díẹ̀ tẹ̀ lé e, torí bó bá há sọ́nà ọ̀fun, á bó ibẹ̀.

Nígbà tó sàn, kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ di tilé?

Ọmọ ológbò tó bá mọ ọwọ́ èèyàn kó tó pé bí oṣù méjì lè di tilé wẹ́rẹ́. Àgbà bíi tirẹ̀ ṣòro. Herpesvirus yẹn kò sì kúrò lára rẹ̀, ńṣe ló sá pamọ́. Ìdààmú ọkàn ló máa ń jí i, kò sì sí ìdààmú tó tó ilẹ̀kùn títì fún ẹranko tó dàgbà síta. Mo ní kí dókítà tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Nígbà tí ológbò náà sùn, dókítà gé ṣóńṣó etí rẹ̀ òsì díẹ̀, kí ẹni tó bá tún mú un lè mọ̀ pé wọ́n ti ṣe é. Mo wá ṣí ilẹ̀kùn.

Ó ṣì ń wá ní ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń gbé orí kòtè sórí fẹ́ǹsì, mo sì máa ń padà sẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbìyànjú láti sún ìgbésẹ̀ kan mọ́ ọn. Ó gbé orí ẹja náà sẹ́nu, ó bẹ́ sí ìhà kejì, n kò sì rí i mọ́ títí di ọjọ́ kejì.