Kí ló ń sọ géèmù fífò tó dára di àwátì?

Ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù géèmù kan nítòsí ọjà Ouando, níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), níbi tí bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n ti jẹ́ ọba. Ẹnì kan ní kò sí géèmù fífò kankan lẹ́yìn Mario, pé bí òmíràn tó dára bá wà, gbogbo ayé ì bá ti mọ̀ ọ́n. Ariwo ta. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí nínú ariwo náà ni mo kó jọ síbí, pẹ̀lú ìdáhùn tí wọn kò jẹ́ kí n parí.

Ìbéèrè: Géèmù wo gan-an lẹ ń pè ní géèmù fífò?

Ìdáhùn: Èyí tí fífò jẹ́ olórí iṣẹ́ inú rẹ̀. Ẹ ó sáré, ẹ ó fò láti orí pèpéle kan bọ́ sórí òmíràn, bí ẹ bá tàsé, ẹ jábọ́. Donkey Kong tí Nintendo, ilé-iṣẹ́ Jàpáánì tó ni Mario, gbé jáde ní 1981 ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, Super Mario Bros. ti 1985 ló sì di àwòkọ́ṣe fún gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè: Ṣé èyí tí àwọn èèyàn kò rí àti èyí tí wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú, ọ̀kan náà ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Èyí tí wọn kò rí, ọjà ló ṣe é: ìwọ̀nba tó gbá a yìn ín, àwọn yòókù kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Èyí tí wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú, wọ́n rí i, wọ́n rà á, wọ́n wá ní kò tó nǹkan. Ẹ wo Super Mario Bros. 2 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ní 1988. Doki Doki Panic ni ní Jàpáánì ní 1987. Nintendo rí i pé apá kejì Mario tí àwọn ará Jàpáánì ń gbá ti le jù, ni wọ́n bá yọ àwọn ẹni inú Doki Doki Panic kúrò, wọ́n fi Mario àti àwọn èèyàn rẹ̀ rọ́pò. Títí dòní, àwọn kan ṣì ń pè é ní ayédèrú. Bẹ́ẹ̀ inú ayédèrú yẹn ni àwọn ẹ̀dá bíi Shy Guy àti Birdo ti wá, tí kò sí ẹni tó lè yọ wọ́n kúrò nínú ìdílé Mario mọ́.

Ìbéèrè: Bí géèmù bá dára lóòótọ́, kí ló lè mú un sọnù?

Ìdáhùn: Nígbà mìíràn, ọjọ́ tó jáde lásán ni. Rayman Origins, iṣẹ́ Ubisoft Montpellier ní ilẹ̀ Faransé, lábẹ́ Michel Ancel, dé ọjà Amẹ́ríkà ní 15 Oṣù Kọkànlá 2011. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, Ubisoft kan náà gbé Assassin's Creed: Revelations jáde. Àwọn géèmù ńlá mìíràn náà wà níbẹ̀: Skyrim ti fi ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú wọn, Modern Warfare 3 ti fi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ta ló máa ṣẹ́ owó kù nínú irú oṣù bẹ́ẹ̀ fún Rayman, ẹni tí kò ní apá, tí kò ní itan, tí ọwọ́ àti bàtà rẹ̀ kàn ń léfòó? Àwọn tó ṣàyẹ̀wò rẹ̀ yìn ín gan-an, ọjà rẹ̀ sì falẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Tèmi ni pé ilé-iṣẹ́ tó bí i ló kọ́kọ́ kó ìbòrí lé e lórí.

Èyí tó ń dùn mí jù ni Gimmick! tí Sunsoft ṣe fún Famicom, ẹ̀rọ géèmù Nintendo. Oṣù Kìíní 1992 ló jáde ní Jàpáánì, Super Famicom, ẹ̀rọ tuntun tó rọ́pò Famicom, sì ti wà lórí àtẹ láti Oṣù Kọkànlá 1990. Ojú ti kúrò lára ẹ̀rọ àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ wọn kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un: Sunsoft ki ṣípù tiwọn bọ inú káṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí orin lè kún ju bí Famicom fúnra rẹ̀ ṣe lè kọ ọ́ lọ, kò sì sí géèmù mìíràn tó lo àfikún ohùn inú ṣípù náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gbá a. Yumetaro, ẹ̀dá róbótó aláwọ̀ ewé, ni ẹ ó máa darí. Ẹ di bọ́tìnì mú, ìràwọ̀ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lókè orí rẹ̀. Ẹ tú u sílẹ̀, ìràwọ̀ á bọ́ sílẹ̀, á máa ta lọ láti ilẹ̀ dé ara ògiri. Ohun ìjà ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ fò, ẹ lè balẹ̀ sórí ìràwọ̀ yìí kan náà, kó gbé yín dé ibi tí fífò lásán kò lè gbé yín dé. Ó le, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ẹni tó bá fẹ́ rí òpin rẹ̀ gidi gbọ́dọ̀ kó gbogbo ìṣúra tó fara pamọ́, láìtọrọ àtúnbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn Jàpáánì, àwọn orílẹ̀-èdè Scandinavia nìkan ló rí i rà nígbà náà, ní 1993. Ó di 2023 kí wọ́n tó tún un gbé jáde káàkiri fún àwọn ẹ̀rọ òde òní.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo wo fídíò rẹ̀, mi ò rí nǹkan bàbàrà kan níbẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ ò lè rí i. Adùn géèmù fífò kì í gbé ojú, inú àtàǹpàkò ló ń gbé. Ìyẹn gan-an ló mú kí ó ṣòro láti polówó. Géèmù ogun, ẹ fi àwòrán iná àti ìbọn hàn, ó tán. Báwo lẹ ó ṣe fi àwòrán hàn pé fífò kan dùn?

Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú Celeste ti 2018 (òun ní tirẹ̀ kò sọnù, ó gbayì gan-an, ṣùgbọ́n ó dára fún àpẹẹrẹ). Bí Madeline, ọmọbìnrin tí ẹ ń darí, bá ti kúrò létí òkúta, tó ti wà lójú òfuurufú pátápátá, géèmù náà ṣì máa gbà kí ó fò fún ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ẹ bá sì kánjú tẹ bọ́tìnì díẹ̀ kó tó balẹ̀, kò ní ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Á fi àṣẹ yín pamọ́, á sì fò bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀. Maddy Thorson tó ṣáájú iṣẹ́ náà ti ṣàlàyé àwọn ìforíjì wọ̀nyí ní gbangba. Ẹni tó ń gbá a kò ní mọ̀ pé wọ́n ń ran òun lọ́wọ́, yóò kàn rò pé ọwọ́ òun yá ni.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ẹ bá mú mánẹ́ẹ̀tì (pádì tí a fi ń gbá géèmù), ẹ dán an wò: ẹ sáré dé etí pèpéle, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ díẹ̀, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì fífò. Bí ó bá jábọ́ bí òkò nígbà gbogbo, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ṣe é kò lójú àánú.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí a kì í rí wọn ní ṣọ́ọ̀bù géèmù níbí?

Ìdáhùn: Owó ni. Máàṣì ni wọ́n ń kà gba owó. Bọ́ọ̀lù ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, ẹni tó bá pàdánù á dìde, ẹlòmíràn á jókòó. Ẹni tó ń gbá géèmù fífò nìkan lè wà lórí àga títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sì sí ẹni tó máa dúró lẹ́yìn rẹ̀ pariwo. Oníṣọ́ọ̀bù kò jẹ̀bi.

Ọ̀nà àbùjá kan wà ṣá, Rayman Legends ti 2013. Wọ́n fi Kung Foot sínú rẹ̀, bọ́ọ̀lù kékeré kan tí Rayman àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá gbá sójú ilé ara wọn. Èèyàn mẹ́rin lè jọ gbá a nídìí tẹlifíṣọ̀n kan. Ẹ fi ìyẹn fa àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù wọlé. Bí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín tán, ẹ ṣí àwọn ìpele tí fífò ń tẹ̀ lé ìlù orin fún wọn.

Ìbéèrè: Ṣé ọ̀kan wà tó kan àwa aláwọ̀ dúdú?

Ìdáhùn: Ó wà. Tales of Kenzera: Zau jáde ní Oṣù Kẹrin 2024. Òṣèré Abubakar Salim, tí ìdílé rẹ̀ ti Kẹ́ńyà wá, ló ṣáájú iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú. Zau tó ń gbé ìbòjú oòrùn àti ti òṣùpá wọ̀ lọ bá Kalunga, òrìṣà ikú, pé kó dá bàbá òun padà. Ìjà inú rẹ̀ ń tún ara rẹ̀ ṣe jù fún mi, ṣùgbọ́n fífò rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́.

Èkejì ni mo fẹ́ràn jù, Dandara ti 2018, iṣẹ́ Long Hat House láti Bràsíìlì. Orúkọ obìnrin jagunjagun Palmares, ìlú àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú ní Bràsíìlì, ni wọ́n fún un. Ní Àjàṣẹ́ níbi tí mọ́ṣáláṣí ńlá àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Bràsíìlì padà wá, ti dà bíi ṣọ́ọ̀ṣì Bahia níbẹ̀, ó yà mí lẹ́nu pé mi ò tíì bá ẹni tó gbá a pàdé. Dandara kì í rìn rárá. Ẹ ó nawọ́ síbi tí ẹ fẹ́, á fò débẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ọn, ì báà jẹ́ ògiri tàbí àjà.

Ìbéèrè: Fóònù nìkan ni mo ní. Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Dandara náà ni. Ó wà fún Android àti iPhone, ìka lórí gíláàsì sì tó láti gbá a. Ẹ má wo bí orí yín á ṣe kọ́kọ́ yí nígbà tí ilẹ̀ bá di òkè, tí òkè di ilẹ̀. Ẹ kàn má ṣe gbá a lórí zém (ọ̀kadà wa níbí) tó ń sáré lórí ọ̀nà Misérété.