Bí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ń ra ọjà tí owó rẹ̀ kò pọ̀

Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kì í ra àga ọ́fíìsì bó ṣe ń ra bàálù ogun. Kó tó di ọdún 1994, ọjà tí kò ju 25,000 dọ́là lọ nìkan ló lè gba ọ̀nà kúkúrú, ìyẹn ìlànà ìrajà tó rọrùn. Òfin ọdún yẹn gbé ààlà náà dé 100,000 dọ́là, wọ́n sì ń sún un síwájú bí owó ọjà ṣe ń gbówó lórí. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025, ó ti di 350,000 dọ́là.

Ọjà tí kò bá ju 15,000 dọ́là lọ ló rọrùn jù. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n fún ní àṣẹ lè fi káàdì ìjọba rà á láìbéèrè iye lọ́wọ́ olùtajà púpọ̀, bí iye náà bá ti bójú mu lójú rẹ̀. Àmọ́ kò yẹ kó máa ra ọjà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo títí. Iṣẹ́ ìkọ́lé àti iṣẹ́ bí ìgbálẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: nítorí òfin tó sọ iye owó ọ̀yà tó yẹ kí wọ́n san fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn, ààlà ti ìkọ́lé jẹ́ 2,000 dọ́là, ti iṣẹ́ bí ìgbálẹ̀ sì jẹ́ 2,500.

Tí owó bá ti kọjá 15,000, àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ni wọ́n sábà máa ń ya ọjà náà sọ́tọ̀ fún, bí òṣìṣẹ́ bá gbà pé ó kéré tán, méjì nínú wọn lè tà á ní iye tó tọ́. Fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ní ilé-iṣẹ́ kékeré lọ́hùn-ún, ibí gan-an ni ilẹ̀kùn wà. Ọjà tó bá ju 25,000 lọ sábà máa ń hàn lórí SAM.gov, ìkànnì tí ìjọba ti ń polówó ohun tó fẹ́ rà; fún èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ lè kàn pe bí olùtajà mẹ́ta lórí fóònù.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ olùtajà kì í fiyè sí. Iye tí wọ́n kọ ránṣẹ́ kò tíì de ẹnikẹ́ni. Ìwé ìrajà tí ìjọba fi ránṣẹ́ padà náà kò tíì di àdéhùn. Ìjọba ṣì lè kọ̀wé fagi lé e. Ó dà bí ìgbà tí ìyálọ́jà dá iye, tí oníbàárà sì ná an: àfi tí ìyálọ́jà bá ní òun tà á ni ọjà tó tà. Ní tìjọba, olùtajà lè fọwọ́ sí ìwé náà, ó lè kó ọjà dé, tàbí kó ti ṣe iṣẹ́ náà jìnnà. Ìgbà náà ni àdéhùn dúró.

Èèwọ̀ ńlá ni kí òṣìṣẹ́ pín ọjà 40,000 dọ́là sí mẹ́ta, kí ìkọ̀ọ̀kan lè bọ́ sábẹ́ 15,000. Owó gbogbo ohun tí ọ́fíìsì náà nílò lápapọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ̀nà tí yóò gbà, kì í ṣe iye tó wà lórí rìsíìtì kọ̀ọ̀kan.