Ẹ Kú Ìrìn Láìlanu: Bí Àwọn Tó Fẹ́ràn Alùpùpù Ṣe Ń Pàdé Lójú Ọ̀nà

Ká ní alùpùpù méjì ń bọ̀ wá kọjá lára ara wọn lójú títì ọlọ́dà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sá 90 kìlómítà ní wákàtí kan. Tí a bá pa eré àwọn méjèèjì pọ̀, 180 kìlómítà ni, ìyẹn 50 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọ̀kan bá tajú kán rí èkejì láti 200 mítà, ìṣẹ́jú àáyá 4 péré ló kù kí wọ́n kẹ̀yìn síra. Kí ìṣẹ́jú àáyá 4 yẹn tó pé, ẹni náà á ti dá a mọ̀ pé alùpùpù ló ń bọ̀, kì í ṣe mọ́tò; á ti wò ó bóyá ọwọ́ òun dilẹ̀; á nawọ́; á sì ti dá ọwọ́ padà síbi tó ti mú un kúrò. Bóyá ni wọ́n á tún fojú kan ara wọn mọ́ láyé. Síbẹ̀ wọ́n ti kíra, ibẹ̀ sì ni gbogbo nǹkan mìíràn tó máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín wọn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Iná ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń dá ara wọn mọ̀. Iná iwájú mọ́tò jẹ́ méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ti alùpùpù sábà máa ń jẹ́ ẹyọ kan láàárín, tàbí méjì tó lẹ̀ mọ́ra. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, wọn kì í pa iná yìí lójúmọmọ. Ní Íńdíà, òfin ti wà láti oṣù kẹrin ọdún 2017 pé alùpùpù tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí iná iwájú rẹ̀ ń tàn gbàrà tí ẹ́ńjìnnì bá ti dáhùn. Kí mọ́tò má bàa gbá wọn ni wọ́n fi ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó tún jẹ́ kí wọ́n tètè rí ara wọn láti òkèèrè.

Ọwọ́ tí wọ́n ń nà ní ìdí tirẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ò ráyè. Òun ló di ibi tí wọ́n ti ń fún ọkọ̀ níná mú, òun náà ló ń tẹ bíréèkì iwájú, èyí tó ń ṣe púpọ̀ jù nínú iṣẹ́ dídá ọkọ̀ dúró. Kílọ́ọ̀ṣì ni ọwọ́ òsì ń tẹ̀ ní tirẹ̀, tí ọkọ̀ bá sì ti wọ jíà tó yẹ, tó ń lọ geere, kò níṣẹ́ kankan fún ìgbà díẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún títì, bíi Amẹ́ríkà, Jámánì àti ilẹ̀ Faransé, ọwọ́ òsì yìí gan-an ló wà níhà ẹni tó ń bọ̀. Wọ́n á kàn sọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, ìka méjì á nà sílẹ̀, ó parí. Ọwọ́ náà kì í sábà ga, nítorí ọwọ́ tó bá ga lórí eré, atẹ́gùn á gbá a sẹ́yìn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà tí wọ́n ti ń wakọ̀ lápá òsì, ìhà igbó ni ọwọ́ òsì wà, ara ọkọ̀ sì lè bò ó mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lójú. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ wọn fi ń mi orí dípò kí wọ́n nawọ́. Ní ilẹ̀ Faransé, ẹsẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀: tí ẹnì kan bá yà fún alùpùpù kó lè kọjá, ẹni tó kọjá á yọ ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò níbi tó gbé e lé, á nà án síta díẹ̀. Ẹ ṣeun ni ẹsẹ̀ yẹn wí.

Bí a bá kí èèyàn tí kò dáhùn, ó máa ń dunni. Tibí yìí kò gbọ́dọ̀ dunni. Ẹni tó wà nínú kọ́nà, ẹni tó ń yí jíà, ẹni tí òjò ń nà, ẹni tó há sínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, ọwọ́ gbogbo wọn ló dí, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n torí ìkíni ṣubú. Ohun tó burú ni ti àwọn tó ń ṣa ẹni tí wọ́n máa kí: ẹni tó gun ọkọ̀ ńlá tí kì í dá ẹni tó gun kékeré lóhùn, tàbí ẹni tó gbọ́dọ̀ ka orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kó tó mi orí. Òjò tó ń pa ọkọ̀ ńlá náà ló ń pa kékeré. Yanrìn tó ń gbé ọ̀kan ṣubú kì í bojú wo èkejì. Ìwà yẹn kò dáa, kò sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ràn alùpùpù tọkàntọkàn máa hù ú.

Èèṣì ni àwọn èèyàn ń pe irú ìpàdé yìí, àmọ́ èèṣì inú rẹ̀ kò tó bí wọ́n ṣe rò. Táǹkì ló kọ́kọ́ ń ṣètò rẹ̀. Púpọ̀ nínú táǹkì alùpùpù kì í gbà ju lítà 10 sí 20 lọ. Ẹni tó bá kún un dẹ́nu yóò tún máa wá ilé epo lẹ́yìn nǹkan bíi 200 sí 350 kìlómítà. Ara náà ń ṣètò tirẹ̀: ọrùn tó ń bá atẹ́gùn jà, ọrùn ọwọ́ tó ń ro, ìdí tó ti kú. Kí epo tó tán rárá ni ara á ti ní kí wọ́n dúró. Onímọ́tò lè kọjá ilé epo mẹ́ta, mẹ́rin, láìyà. Ẹni tó gun alùpùpù á yà, á sì bá ẹlòmíràn tó yà nítorí ohun kan náà.

Ibi tí ilé epo bá ti ṣọ̀wọ́n lèyí ti hàn jù. Dalton Highway ní Alaska gùn tó 666 kìlómítà. Láti Coldfoot dé Deadhorse ní ìparí ọ̀nà náà lápá àríwá, nǹkan bíi 385 kìlómítà ni, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń ta epo láàárín. Ó ṣòro kí alùpùpù tó ń lọ síbẹ̀ tó kọjá Coldfoot láìdúró, nítorí náà ni ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ fi ń bára wọn níbẹ̀ bí ẹni tó dá àjọ ìpàdé. Ti igbó Darién tún le ju ìyẹn lọ. Láàárín Pánámà àti Kòlóńbíà, títì já pátápátá fún nǹkan bíi 100 kìlómítà. Ẹni tó bá ń ti Alaska lọ sí Ushuaia ní ìsàlẹ̀ Ajẹntínà gbọ́dọ̀ gbé alùpùpù rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú tàbí ọkọ̀ ojú omi. Àwọn tó ti ń tẹ̀ lé ara wọn láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìmọra, ibi tí wọ́n ti ń dúró de ìwé ẹrù ni wọ́n á ti rí ara wọn.

Ìfẹ́ ọkàn wọn náà ń kó wọn jọ. Ọ̀nà tó tọ́ tààrà kì í dùn mọ́ wọn; kọ́nà ni wọ́n ń wá. Ọ̀nà orí òkè Stelvio ní Ítálì ga tó 2,757 mítà, apá kan rẹ̀ sì ní kọ́nà 48 tó ń ká padà sẹ́yìn bí ejò. Yìnyín kì í jẹ́ kí ó ṣeé gbà nígbà òtútù, nítorí náà gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gun un á fún ara wọn mọ́ inú oṣù díẹ̀ tó ṣí. Ní Deals Gap ní Amẹ́ríkà, kọ́nà 318 ni wọ́n kà láàárín nǹkan bíi 18 kìlómítà. Ẹni tó bá gba irú ibẹ̀ lọ lọ́jọ́ Sunday tí oòrùn mú, kó má retí pé òun nìkan ni òun máa wà.

Ohun tó jẹ́ kí ìpàdé yìí wúlò kọjá ìkíni ni pé ibi tí ẹni tó ń bọ̀ ti kúrò ni ẹni tó ń lọ ń lọ. Ohun tí ọ̀kan rí láàárọ̀ ni èkejì máa bá pàdé lọ́sàn-án. Epo tó dà sínú kọ́nà, òkúta wẹ́wẹ́ tó jábọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ ńlá, màlúù tó ń sọdá, afárá tí omi gbé lọ. Mọ́tò tó bá gun epo lè yọ̀ díẹ̀ kó sì tún tọ́. Alùpùpù tó bá gun un níbi tó ti tẹ̀ sínú kọ́nà, ilẹ̀ ló ń lọ. Nítorí náà ni ẹni tó ti rí i fi gbà pé ẹrù òun ni láti sọ fún ẹni tí kò tíì rí i.

Èyí tí kò lè dúró de ọ̀rọ̀ ní àmì. Ọwọ́ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dojú bolẹ̀, tó ń lọ sókè sódò: ẹ rọra. Ọwọ́ tó gbá orí akoto: ọlọ́pàá wà níwájú. Ìka tó tọ́ka sí táǹkì: epo ti fẹ́ tán. Ọwọ́ tó ń ṣí tó ń pa: ẹ ti gbàgbé iná tó ń ṣẹ́jú. Àmì tó kẹ́yìn yìí ti gba ẹ̀mí là, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù, iná tí wọ́n fi ń sọ pé àwọn fẹ́ yà kì í kú fúnra rẹ̀. Bí ó bá ń ṣẹ́jú lọ, onímọ́tò tó ń dúró ní ìkóríta á rò pé alùpùpù náà fẹ́ yà, á sì já sí i níwájú.

Tí wọ́n bá dúró níbì kan, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ ń béèrè orúkọ. Táyà ni wọ́n ń wò. Èyí tí àárín rẹ̀ ti jẹ pẹrẹsẹ tí etí rẹ̀ ṣì tuntun, ọ̀nà gbọọrọ ló ti ń rìn. Èyí tó jẹ dé etí, kọ́nà ló ti ń bá jà. Kòkòrò tó kú mọ́ gíláàsì akoto, ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ẹ́ńjìnnì, gbogbo rẹ̀ ń rojọ́ ibi tí ẹni náà ti ń bọ̀ kó tó lanu. Lẹ́yìn náà lọ̀rọ̀ á wá bẹ̀rẹ̀:

“Ẹ kú ìrìn o. Ibo lẹ gbà wá?”

“Orí òkè ni. Ẹ ṣọ́ra ní kọ́nà kẹta lẹ́yìn afárá, yanrìn kún ibẹ̀.”

“Ilé epo ńkọ́?”

“Ti ìsàlẹ̀ òkè ti tì. Ẹ kún táǹkì níbí kẹ́ ẹ tó lọ.”

Abèèrè kì í ṣìnà. Yanrìn àná kò sí nínú àwòrán ilẹ̀ tó wà lórí fóònù.

Nígbà mìíràn, ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń lọ. Ẹni ẹ̀yìn á bá ẹni iwájú, kò ní yà á sílẹ̀, ẹni iwájú náà kò ní sá fún un. Bí wọ́n ṣe di ẹlẹgbẹ́ nìyẹn, láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Bí ẹni iwájú bá wà lápá òsì ojú ọ̀nà tiwọn, ẹni ẹ̀yìn á bọ́ sápá ọ̀tún, kó lè ríran kọjá rẹ̀, kó sì ráyè tẹ bíréèkì. Àlàfo ìṣẹ́jú àáyá 2 ó kéré tán ló yẹ kó wà láàárín wọn: tí ẹni iwájú bá kọjá lára òpó kan, tí ẹni ẹ̀yìn sì dé òpó náà kí ìṣẹ́jú àáyá 2 tó pé, ó ti sún mọ́ ọn jù. Tí wọ́n bá wọ kọ́nà, wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn, kálukú á wá ààyè tirẹ̀.

Ewu wà nínú ìrìn àjọrìn yìí. Àlejò ni ẹni iwájú. Ó lè jẹ́ pé ó mọ ọ̀nà náà bí ẹní mowó, tí á wọ kọ́nà lórí eré tí ẹni tó ń gba ibẹ̀ fúngbà àkọ́kọ́ kò lè bá a sá. Ó sì lè jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ń ṣi eré sá. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ iná ẹ̀yìn rẹ̀ dípò ojú ọ̀nà ti fa ìdarí ọkọ̀ ara rẹ̀ lé ẹni tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́. Kó jẹ́ kó máa lọ. Ẹni tó mọ ìrìn rìn á dúró ní ìkóríta tó kàn.

Ibi tí ìpàdé yìí ti jinlẹ̀ jù ni ìgbà tí ọkọ̀ bá kọṣẹ́. Ẹni tó ń bọ̀ á dín eré kù, á na àtàǹpàkò sókè bí ẹni béèrè pé ṣé kò sí. Tí ẹni tó dúró náà bá na tirẹ̀ padà, ó ń lọ. Tí kò bá nà án, ó yẹ kí ó dúró. Láàárín àwọn kan, pàápàá ní Amẹ́ríkà, akoto tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ túmọ̀ sí pé ẹni náà ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó dúró á gbé ọkọ̀ tirẹ̀ kúrò lórí ọ̀dà pátápátá, kì í ṣe nínú kọ́nà, kí mọ́tò má bàa gbá ẹni méjì dípò ẹyọ kan.

Ká ní ṣéènì ló já. Ẹni tó dúró bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nu gírísì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣéènì náà pẹ̀lú àkísà, ó ń wá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin: 520, 525 tàbí 530. Nọ́ńbà 5 tó ṣáájú ń sọ àlàfo tó wà láàárín ojú ṣéènì kan sí èkejì, 15.875 mílímítà, ọ̀kan náà ni fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Méjì tó kẹ́yìn ń sọ bó ṣe fẹ̀ tó, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ wà. Ẹyọ ojú ṣéènì tí wọ́n fi ń so 530 pọ̀ kò lè so 520 kó dúró dáadáa. 525 ló bá, 525 ló sì wà nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ó tú èyí tó ti bàjẹ́ kúrò, ó fa etí méjèèjì pàdé, ó fi èyí tuntun kọ́ ọ, ó yí táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń tẹ́tí sí i bóyá ó ń ké.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dáhùn, ó ní kí ẹni tó ni ọkọ̀ máa lọ níwájú. Òun tẹ̀ lé e lẹ́yìn fún kìlómítà mélòó kan, ojú rẹ̀ ń bẹ lára ṣéènì náà. Ní ìkóríta, ẹni iwájú dúró, ó kó owó jáde. Ẹni ẹ̀yìn ò gbà á. Ó gbé gíláàsì akoto rẹ̀ sókè, ó ní, “Ẹ bá mi fi ra 525 kan sínú àpò tiyín,” ó nawọ́ òsì sílẹ̀, ìka méjì, ó sì yà sápá òkè.