Ìwọ̀n Tí Ọmọ Lè Gbé: Bí Kíkọ́ Ọmọ Ní Ipele Rẹ̀ Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Bí àgbàlagbà kan ní Kàbà tàbí Ìsánlú, nílẹ̀ Òkun wa ní ìpínlẹ̀ Kogi, bá ní òun ka ìwé mẹ́fà, kì í ṣe iye ìwé tó ti kà ló ń sọ. Sítáńdáàdì kẹfà ló ń sọ. Ní 1862, lábẹ́ Robert Lowe tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pín ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sí ipele mẹ́fà, wọ́n sì so owó mọ́ ọn. Alábẹ̀wò á wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, á dán ọmọ kọ̀ọ̀kan wò nínú ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò. Èyí tí ọmọ bá fìdí rẹmi nínú rẹ̀, ṣílè méjì àti pẹ́ǹsì mẹ́jọ ni ilé-ẹ̀kọ́ pàdánù. Olùkọ́ tí owó rẹ̀ wà lórí ọmọ báyìí kò lè ráyè fún ọmọ tó ti mọ̀ ọ́n, nítorí owó tirẹ̀ ti dájú. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè dúró ti ọmọ tó jìnnà. Àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n mọ̀ ọ́n ló máa tẹpẹlẹ mọ́. Kí ọ̀rúndún yẹn tó parí ni wọ́n pa ètò owó yẹn tì, ṣùgbọ́n ipele mẹ́fà ti bá àwọn oníwàásù wọ ilẹ̀ wa, ó sì mú èrò kan dání: pé gbogbo ọmọ tó wà nínú yàrá kan wà níbì kan náà.

Èrò yẹn kò tíì pẹ́ láyé. Ìyá tó ń kọ́ ọmọ ní aṣọ híhun ní Bùnú kò ní ka ọjọ́ orí kó tó mọ iṣẹ́ tí yóò gbé lé e lọ́wọ́. Òwú tí ọmọ ran lánàá ló máa wò. Bí òwú bá ṣì ń já, ọmọ kò tíì kúrò nídìí ìrànwú. Kódà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí Joseph Lancaster dá sílẹ̀ fún ọmọ tálákà ní 1798, níbi tí àwọn ọmọ tó ti mọ̀ ti ń kọ́ àwọn tí kò tíì mọ̀, ẹgbẹ́ ìwé kíkà yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ ìṣirò. Ọmọ lè wà lókè nínú ọ̀kan, kó wà nísàlẹ̀ nínú èkejì, ojú kò sì ní tì í. Ó yẹ kí a rántí èyí, nítorí òun gan-an ni a sọnù nígbà tí wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Quincy sí Boston ní 1848: yàrá 12, nǹkan bí àga 55 nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ kan, ọmọ ìpele kan. Bí ilé yẹn ṣe rí ni ilé-ẹ̀kọ́ wa ṣì rí títí di òní.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ tú ètò yẹn ká dáadáa kò bẹ̀rẹ̀ ní ìlú ńlá. Ní 1904, ọdún mẹ́rin kí oníwàásù Tommy Titcombe tó dé Ẹ̀gbẹ̀, Helen Parkhurst gba iṣẹ́ tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ oníyàrá kan ní ìgbèríko Wisconsin, ní Amẹ́ríkà. Ogójì ọmọ, kíláàsì mẹ́jọ, olùkọ́ kan. Tíṣà tí wọ́n bá gbé lọ sí abúlé ní Bùnú tàbí Ìyàgbà, tí wọ́n ní kó da kíláàsì mẹ́ta pọ̀, mọ ìyà yẹn. Bó bá ń kọ́ ọ̀kan, àwọn yòókù á jókòó lásán. Parkhurst sọ igun yàrá kọ̀ọ̀kan di igun ẹ̀kọ́ kan, ó kọ iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọmọ lè dá a ṣe, ó sì ní kí àwọn àgbà ọmọ ran kéékèèké lọ́wọ́. Ní 1920, ètò yìí wọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ní ìlú Dalton, ní Massachusetts, ibẹ̀ ló sì ti gba orúkọ. Ọmọ á gba iṣẹ́ oṣù kan lẹ́ẹ̀kan náà, á pín àkókò rẹ̀ fúnra rẹ̀, á máa fa ìlà sórí káàdì láti fi ibi tó dé hàn. Ètò tó gbayì ni, ó ní ihò kan ṣá: ọmọ tí kò lè ka iṣẹ́ tí a kọ sílẹ̀ kò lè dá a ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó ní kíláàsì kẹta lọ́dọ̀ wa yóò bá ihò yẹn pàdé lọ́jọ́ kìíní.

Láàárín ìgbà kan náà ni ọ̀nà mìíràn ṣí, èyí sì ṣe ìbàjẹ́ púpọ̀. Ní 1905, Alfred Binet, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣe ìdánwò kan ní Paris láti fi mọ ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi sọ pé ibi tí ọpọlọ ọmọ máa dúró sí nìyẹn. Ní 1920, ìlú Detroit fi ìdánwò ọpọlọ pín àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí mẹ́ta: X ni ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún tó wà lókè, Y ni 60 tó wà láàárín, Z ni 20 tó wà nísàlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí a bá sọ ní Z, Z ni yóò máa jẹ́ lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti iṣẹ́ ìyá ní Bùnú ni pé ìyá ń wo òwú, Detroit ń wo ọmọ.

Ní Joplin, ní Missouri, láàárín àwọn ọdún 1950, wọ́n padà sí òwú: fún wákàtí kan lójúmọ́, àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin dé ìkẹfà á tú ká lọ sí ẹgbẹ́ ìwé kíkà tó bá wọn mu, lẹ́yìn náà wọ́n á padà sí kíláàsì wọn. Ní Íńdíà, Pratham, àjọ kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀kọ́ ọmọdé, ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ti wà ní kíláàsì kẹta sókè tí wọn kò tíì lè kàwé. Carol Ann Tomlinson, tó ti ṣe tíṣà pẹ́ ní Virginia, ló fi ìwé rẹ̀ ti 1999 sọ kíkọ́ ọmọ ní ipele rẹ̀ di ohun tí olùkọ́ káàkiri ayé ń sọ: olùkọ́ lè yí ohun tí ọmọ ń kọ́, ọ̀nà tó ń gbà kọ́ ọ, tàbí ohun tí yóò fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n.

Lọ́dọ̀ wa, ìgbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ní September 1976 ni kíláàsì kún. Ọ̀fẹ́ ti 1955 ní Ìwọ̀-Oòrùn kò kàn wá, nítorí Àríwá ni ìjọba kó Kàbà sí. Kíláàsì tó kún ni ìdáhùn tí a máa ń gbọ́ pé ọ̀nà yìí kò ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe, bí a bá mọ iye àkókò tó ń gbà.

Ẹ mú kíláàsì kẹrin tó ní ọmọ 36. Ojú ìwé kan ni ẹ máa pèsè láti fi mọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan dé nínú ìwé kíkà: álífábẹ́ẹ̀tì márùn-ún (ẹ fi gb àti ṣ sí i), ọ̀rọ̀ márùn-ún, ìpínrọ̀ oní gbólóhùn mẹ́rin, ìtàn ìlà mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìpínrọ̀. Bí ọmọ bá kà á geerege, ẹ gbé ìtàn fún un. Bí kò bá lè kà á, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà álífábẹ́ẹ̀tì. Mẹ́rin nínú márùn-ún tó. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ọmọ kan ń gbà, èyí ni 144 fún gbogbo wọn: ọmọ 12 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́ta, bí àwọn yòókù ṣe ń da ìwé kọ. Nínú ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn, ẹ fi ọkọ́ àti ọkọ̀ sí i, nítorí ohùn ni ọ̀pọ̀ ọmọ kò kà. Bí ọmọ Owé tàbí Ọ̀wọ̀rọ̀ bá sì ka ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wọn, kò ṣì í. Ó ti kà á. Èdè ìwé ni kò tíì mọ̀, ẹ kọ ìyẹn sí ọ̀tọ̀.

Ìṣirò náà bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yọ 27 kúrò nínú 52. Ọmọ tó kọ 35 kò ya olódo: ó yọ kékeré kúrò nínú ńlá ní ìlà kọ̀ọ̀kan, 2 kúrò nínú 7, 2 kúrò nínú 5. Ìdì igi ọwọ̀ ni tirẹ̀: ìdì márùn-ún oní mẹ́wàá-mẹ́wàá, àti ẹyọ méjì. Ó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ìdì kan kó rí ẹyọ 12. Èyí tó gba 25 ṣùgbọ́n tó ń ṣiyèméjì, kó ṣe mẹ́fà irú rẹ̀ nínú ìwé. Èyí tó ti yára parí, ẹ má fún un ní ogún sí i. Ìjìyà ni ìyẹn, yóò sì kọ́ bó ṣe ń fa iṣẹ́ gùn. Ẹ ní kó gbé ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 25 kalẹ̀ láti inú ohun tó wù ú: kílò kajú, ọ̀pá aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀, epo ọ̀kadà. Kókó ẹ̀kọ́ kan, ètò ẹ̀kọ́ kan, ẹnu ọ̀nà mẹ́ta. Olùkọ́ tó bá ń kọ ètò ẹ̀kọ́ mẹ́ta lójoojúmọ́ yóò jáwọ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

Ìfẹ́ ọmọ sí nǹkan yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n máa ń sọ pé ọmọ kan jẹ́ olójú, èkejì jẹ́ elétí, pé kí a kọ́ oníkálukú lọ́nà tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ yẹ ẹ̀rí rẹ̀ wò ní 2008, wọn kò rí èyí tó dúró. Ẹ má fi àkókò ṣòfò lé e lórí.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ jù ni orúkọ. Ẹgbẹ́ tí a bá pè ní A, B, D, ọmọ á túmọ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ tó ṣú. Ẹ fi orúkọ igi tàbí odò pè wọ́n, kí ẹgbẹ́ ìwé kíkà má jẹ́ ẹgbẹ́ ìṣirò. Ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì kejì, ẹ tún ṣe ìdánwò ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn fún àwọn tó wà létí ààlà nìkan, kì í ju ọmọ mẹ́wàá lọ. Bí oṣù kan bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò kúrò níbi tó wà, iṣẹ́ tí ẹ̀ ń fún wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.