Kí ni làbó ń wá nínú ilẹ̀ pupa Kétu?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọdún mẹ́ta rèé tá a ti ń da NPK, ajílẹ̀ òyìnbó tó ní nitrogen, phosphore àti potassium nínú, sóko wa ní Kétu ilẹ̀ Benin níbí, àgbàdo ò yàtọ̀. Wọ́n ní kí n gbé iyẹ̀pẹ̀ lọ sí làbó, ilé ìdánwò yunifásítì. Kí ni wọ́n fẹ́ rí níbẹ̀ táwa tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ yìí ò rí?

Ìdáhùn: Àbúrò, ojú yín ríran o. Ẹni tó bá rí i tí ẹ̀kan ń gba oko mọ́ òun lọ́wọ́, ó ti mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣá, kò dìgbà tí wọ́n bá sọ fún un. Àmọ́ kí ló tán nínú ẹ̀ gan-an? Ìyẹn lojú ò lè rí. Ilẹ̀ pupa wa yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní terre de barre lédè Faransé, tó wà ní Kétu, ní Pọ́bẹ̀, ní Sakétẹ́ títí dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí wọ́n bá ti dá a pẹ́, potassium sábà máa ń wọ́n níbẹ̀, torí ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ń kó o lọ gan-an, èyí tó bá sì bá ẹ̀gẹ́ lọ sọ́jà kò padà wá mọ́. Pupa ẹ̀ náà, irin tó dípẹtà ni, irin yẹn sì lè di phosphore mú pinpin, pàápàá tílẹ̀ bá kan, ìyẹn tí ásíìdì bá pọ̀ nínú ẹ̀, owó tẹ́ ẹ fi ra NPK á wà nínú ilẹ̀ lóòótọ́, gbòǹgbò ò kàn ní rí i mu ni.

Ìbéèrè: Kí ló wá kan yunifásítì nínú ẹ̀?

Ìdáhùn: Ó ti pẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 1840 lọ ni Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́míkà ní Jámánì, tan ọ̀rọ̀ kan káyé, tí Carl Sprengel ti sọ ṣáájú ẹ̀, pé ohun tó kéré jù nínú ilẹ̀ ló ń pinnu ibi tí ìkórè máa dé. Bí ọbẹ̀ ni: tí iyọ̀ ò bá sí, ẹ da ata sí i títí, kò lè dùn. Lọ́dún 1887 Amẹ́ríkà ṣòfin tó fowó sílẹ̀ fún oko ìdánwò láwọn ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ wọn, bí làbó àti oko ṣe wà lójú kan náà nìyẹn. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà! Lọ́dún 1945 àwọn onímọ̀ ilẹ̀ méjì, Bray àti Kurtz, ní Illinois ní Amẹ́ríkà lo ásíìdì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti fa ìwọ̀nba phosphore tí gbòǹgbò lè rí jáde, àmọ́ nọ́ńbà tó bá jáde ò ní ìtumọ̀ fúnra ẹ̀, àfi kéèyàn ti gbin àgbàdo sórí oríṣiríṣi ilẹ̀, kó da ajílẹ̀ sí apá kan, kó fi apá kejì sílẹ̀, kó wọn ìkórè, ìgbà yẹn ló tó lè sọ pé nọ́ńbà yìí kéré, èyí tó. Ti Illinois ò ṣeé gbé wá sí Kétu bẹ́ẹ̀ lásán. Ìdí tínú mi fi dùn nìyẹn pé láti 2013 ni yunifásítì àgbẹ̀ ti wà ní Kétu níbí, lórí ilẹ̀ tiwa.

Ìbéèrè: Ṣé iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ lè sọ̀rọ̀ fún ẹ́kítà kan odindi?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń bàjẹ́. Iyẹ̀pẹ̀ ẹ́kítà kan, tá a bá gbẹ́ ẹ wọlé ní 20 sẹ̀ǹtímítà, ó ju 2,000 tọ́ọ̀nù lọ, èyí tí wọ́n sì máa fi ṣe ìdánwò kan lè má ju gíráàmù méjì mẹ́ta, kò kún ṣíbí tíì. Torí náà ẹ bù ú níbi 15 sí 20, ẹ máa yà sọ́tùn-ún yà sósì, ẹ fo ìdí ọ̀gán, ibi tí wọ́n ti dáná àti ibi tí màlúù ń sùn, ẹ pò ó nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ike tó mọ́, ẹ bu bí ààbọ̀ kílò níbẹ̀, ẹ sá a síbòji. Mo rí ìyá kan tó gbé tiẹ̀ wá nínú àpò sìmẹ́ǹtì, eruku ẹ̀ ṣì wà létí àpò, ó ti lẹ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ pupa yẹn. Sìmẹ́ǹtì sì máa ń pa kíkan ilẹ̀, ìwé èsì làbó ì bá purọ́ fún un. Wọ́n ní kó padà lọ bu òmíràn, ọ̀nà sì jìn, ó dùn mí.

Ìbéèrè: Tí ìwé bá wá jáde ńkọ́?

Ìdáhùn: pH, nọ́ńbà tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe kan tó, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá ti wà nísàlẹ̀ 5.5, ilẹ̀ ti kan jù fún àgbàdo, ẹ wá nǹkan ṣe sí ìyẹn kẹ́ ẹ tó ra NPK míì. Eérú ìdáná ń ràn án lọ́wọ́, potassium náà wà nínú ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi sí i. Kẹ́ ẹ sì bi àwọn ará làbó pé: ibo lẹ ti gbin àgbàdo dán nọ́ńbà yìí wò, ṣé ilẹ̀ tó jọ tiwa ni?