Ìrọ́pò mẹ́tọ́ọ̀dù àjogúnbá nínú ojú-ewé ASP.NET

Nínú ASP.NET Web Forms, ohun èlò fún ṣíṣe ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù tí Microsoft gbé jáde ní ọdún 2002, kíláàsì (àkójọ kóòdù tí òmíràn lè jogún) ni ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, ọ̀dọ̀ kíláàsì tí ń jẹ́ Page ni gbogbo wọn sì ti ń jogún. Ojú-ewé lè kọ mẹ́tọ́ọ̀dù (ìdì kóòdù tó ní orúkọ tí a fi ń pè é) tirẹ̀, bí OnInit tàbí OnLoad, rọ́pò èyí tó jogún. Àwọn akóòdù sábà máa ń fi kíláàsì kan sáàárín, bíi BasePage, tí yóò máa ṣe iṣẹ́ tó kan gbogbo ojú-ewé, irú bí àyẹ̀wò bóyá oníbàárà ti wọlé.

Àṣìṣe tó léwu jù ni gbígbàgbé láti pe ti òbí, ìyẹn kíláàsì tí a jogún. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

protected override void OnLoad(EventArgs e)
{
    FiOrukoHan();
    base.OnLoad(e);
}

Bí ìlà base.OnLoad(e) bá sọnù, kọ̀mpáílà, tó ń yí kóòdù padà sí ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe, kò ní wí nǹkan kan, ojú-ewé á sì ṣí. Ṣùgbọ́n Page_Load, mẹ́tọ́ọ̀dù tí akóòdù ń kọ fún ìgbà tí ojú-ewé bá ń ṣí, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí OnLoad ti òbí ló ń ké sí i. Bí inú OnLoad ti BasePage ni àyẹ̀wò ìwọlé wà, ẹni tí kò wọlé rárá á rí ojú-ewé náà. Ipò ìlà yìí tún ṣe pàtàkì: ohun tó bá ṣáájú rẹ̀ á ṣáájú Page_Load.

Bí ọ̀rọ̀ náà override, tó ń sọ pé ìrọ́pò ni, fúnra rẹ̀ ni kò sí, ìkìlọ̀ CS0114 lásán ni kọ̀mpáílà yóò gbé jáde. Mẹ́tọ́ọ̀dù tuntun á kàn bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀, ASP.NET á sì máa pe ti àtijọ́ lọ. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a fojú fo ìkìlọ̀. Ní ti àṣìṣe tí kọ̀mpáílà ń kéde, CS0115 ń sọ pé orúkọ tàbí paramítà kò bá ti òbí mu. CS0506, pé òbí kò fàyè gba ìrọ́pò.

Nígbà mìíràn, kóòdù kò ní àléébù kankan, fáìlì .aspx ló ń tọ́ka sí kíláàsì mìíràn lábẹ́ Inherits, ibi tó ti ń dárúkọ kíláàsì tó ń jogún. GetType(), tó ń sọ irú kíláàsì tí nǹkan jẹ́, nìkan kò tó láti fi mọ̀, torí orúkọ kíláàsì tí ASP.NET ṣẹ̀dá fúnra rẹ̀, bí ASP.default_aspx, ni yóò fi hàn. GetType().BaseType ló máa ń fi kíláàsì tí akóòdù kọ hàn.