Títún ìwé tẹ̀ kì í ṣe fótókọ́pì o: ẹ wo ti Proust

Tí ìwé ìtàn àtijọ́ kan bá ti tún jáde, ohun tọ́pọ̀ èèyàn gbà ni pé wọ́n kàn gbé ti tẹ́lẹ̀ sórí ẹ̀rọ, wọ́n pààrọ̀ èèpo ẹ̀, wọ́n fowó lé e, ó parí. Fótókọ́pì lásán. Irọ́ gbuu ni, ó sì máa ń bíni nínú, torí ìgbà títúntẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń pinnu irú ìwé tá a máa kà. Ìwé tó gbé e jáde jù ni À la recherche du temps perdu, tí Marcel Proust ará Faransé fi apá méje tú àṣírí àwọn ọlọ́lá Paris.

Ìtàn ẹ̀ gùn, a ò ní débẹ̀. Kẹ́ ẹ ṣá mọ irú ẹnu tó ní: ibì kan wà tí Swann, ọ̀kan lára àwọn inú ìtàn, lọ kí ọlọ́lá kan, Duc de Guermantes, àtìyàwó ẹ̀, wọ́n ń jáde lọ sóde, ọkọ̀ ti ń dúró. Ìyàwó ní kó bá wọn lọ sí Ítálì, Swann ní òun ò lè lọ torí òun á ti kú kó tó dìgbà yẹn, àwọn dókítà ti sọ fóun. Ọkọ ní ẹ jọ̀ọ́ a ti pẹ́, kò sáyè ọ̀rọ̀. Àfi bó ṣe rí i pé bàtà dúdú ni ìyàwó ẹ̀ wọ̀ sáṣọ pupa, kíá ló ní kó padà sókè lọ wọ pupa. Àyè ti wà nìyẹn.

NRF, ilé ìtẹ̀wé kan ní Paris tó wá di Gallimard, kọ́kọ́ ní àwọn ò gba ìwé yìí, Bernard Grasset tóun náà ń tẹ̀wé ló gbà á, owó Proust fúnra ẹ̀ ni wọ́n sì fi tẹ apá àkọ́kọ́ jáde ní 1913. Ibi tó dùn jù nìyí. Òjé ni wọ́n fi ń to lẹ́tà nígbà yẹn. Tí wọ́n bá tò ó tán, wọ́n á tẹ pírúùfù sórí bébà fún òǹkọ̀wé kó fi wo àṣìṣe, kó tún kọ́má ṣe, kó tún sípẹ́lì ṣe, kó dá a padà. Ti Proust kọ́ nìyẹn. Á fi ìlà pa odindi ojú ìwé rẹ́, á kọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹ̀gbẹ́ bá kún á gé bébà míì lẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹn náà á tún kún. Àfi bí onílé tí wọ́n kọ́lé ẹ̀ dé òrùlé tí bíríkìlà ní kó wá wò ó bóyá fèrèsé gún, ó ní ilé dáa o, ẹ ṣáà bá mi fi yàrá kan sáàárín pálọ̀ àti kíṣìnì, wọ́n wó ògiri wọ́n ṣe é, ó tún dé, ó ní yàrá yìí wu òun, ó yẹ kó ní àtẹ̀gùn, àtẹ̀gùn ò sì lè wọlé àfi kí wọ́n sún fẹ́ǹsì, wọ́n sún fẹ́ǹsì, ó ní fẹ́ǹsì tuntun ti jẹ́ kí pálọ̀ kéré lójú. Bíríkìlà ò kúkú bínú, iṣẹ́ ń pọ̀ sí i, onílé ló ń sanwó.

Torí kí gbólóhùn kan tó wọ àárín òjé, gbogbo ìlà tó tẹ̀ lé e ni wọ́n máa sún, ojú ìwé kan á kún dà sórí èkejì. Pírúùfù àkọ́kọ́ ti 1913 ṣì wà ní Fondation Bodmer nítòsí Geneva, díẹ̀ ló kù kí íńkì bo ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìwé náà sanra débi pé wọ́n ní láti gé e síbi tí Proust ò fẹ́ kó parí sí. Nígbà tó yá tó di àfọwọ́kọ àwọn apá tó kẹ́yìn, Céleste Albaret tó ń tọ́jú ilé ẹ̀ ló ń bá a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n, tí wọ́n á ká a jọ bí abẹ̀bẹ̀, tẹ́ ẹ bá tú òmíì á ju mítà kan lọ.

Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, Grasset ò lè tẹ̀wé mọ́, Proust lọ ń fẹ ìwé sí i: apá mẹ́ta tó wà nínú ètò di méje. NRF tó kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ló wá gbà á, wọ́n sì tún apá àkọ́kọ́ tẹ̀ ní 1919. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fótókọ́pì, ẹ wá wo èyí. Combray, ìlú tí ọmọ inú ìtàn ti ń lo họlidé, ẹ̀gbẹ́ Chartres ló wà ní 1913, ogun ò sì débẹ̀. Proust fẹ́ kí wọ́n jagun níbẹ̀ ní apá ìkẹyìn, ló bá mú Reims sí ibi tí Chartres wà, odindi ìlú ṣí lọ sí agbègbè Champagne níbi tí ogun ti jà, ṣọ́ọ̀ṣì àti odò ẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tó ra ti 1913 àti ẹni tó ra ti 1919, ìlú tó wà lọ́wọ́ wọn ò dọ́gba.

Proust kú ní November 1922, apá mẹ́ta ò tíì jáde. Robert àbúrò ẹ̀, dókítà ni, òun àti Jacques Rivière ará NRF ló bẹ̀rẹ̀ sí í to bébà jọ. Wàhálà wá dé, torí òǹkọ̀wé tó ń fi nǹkan kún nǹkan tó wá kú láàárín iṣẹ́ á fi òkú àti alààyè sínú ìwé kan náà. Bergotte, òǹkọ̀wé kan nínú ìtàn náà, kú níwájú àwòrán Vermeer kan ní apá karùn-ún, ojú ìwé bíi mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n tún dárúkọ ẹ̀ bí ẹni tó ṣì wà láyé. Ṣé kí olóòtú tún un ṣe ni àbí kó fi í sílẹ̀? Kó fi í sílẹ̀, kó ṣàlàyé lẹ́yìn ìwé. Ẹni tó bá ń tún un ṣe ti di òǹkọ̀wé nìyẹn.

Ní 1954, Pierre Clarac àti André Ferré padà lọ bá àwọn àfọwọ́kọ náà, wọ́n sì gbé e jáde ní apá mẹ́ta nínú Pléiade, ọ̀wọ́ ìwé pàtàkì tí Gallimard ń tẹ̀. Látìgbà yẹn ọwọ́ rọ̀, àfi 1987 tí kọ́píráìtì Proust tán ní Faransé (àwọn ọdún ogun méjèèjì ni wọ́n fi kún un tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀), Flammarion àti Robert Laffont gbé tiwọn dé, Gallimard náà sì rí okun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tuntun jáde lọ́dún yẹn gan-an, Jean-Yves Tadié ló darí ẹ̀. Kọ́píráìtì ń fún onílé ìtẹ̀wé lówó, òótọ́ ni, àmọ́ ó tún máa ń jẹ́ kó sùn.

Ọdún yẹn náà ni Grasset tẹ èyí tó da gbogbo nǹkan rú: bébà tí wọ́n fi tàìpù tẹ̀ tó jẹ́ ti Albertine disparue, apá kẹfà, tí Proust tún ṣe kó tó kú, tó sì gé ohun tó ju ìdajì lọ dànù. Nínú èyí tí gbogbo ayé ti kà, ẹṣin gbé Albertine, ọmọbìnrin tí ẹni tó ń sọ ìtàn ń fẹ́, ṣubú ní Touraine, ó kú. Nínú tàìpù yìí, etí odò Vivonne ló kú sí, ìyẹn odò Combray, nítòsí ilé àwọn obìnrin tí olólùfẹ́ ẹ̀ ti ń fura pé ó ń bá sùn. Ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan péré, ìfura tó gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú ìwé di òótọ́.

Tadié fi èyí tó gùn sílẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀, torí téèyàn bá tẹ̀ lé èyí tó kúrú, apá keje ò ní bá a mu mọ́. Àmọ́ àwọn kan ṣì ní ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn olówó ìwé, méjèèjì sì ti wà lórí àtẹ lábẹ́ orúkọ kan náà.